Ilé Ikán Tí Mo Mọ Sábẹ́ Tábìlì Àna Mi

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ẹ ó ní irú àgbàlagbà wo ló máa dùbúlẹ̀ sórí táìsì nínú ilé ara rẹ̀, pẹ̀lú abọ́ ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí á máa mọ ilé fún ikán tí kò sí níbẹ̀. Èmi ni o. Mo ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, mo kàwé, iṣẹ́ ìjọba ni mo ń ṣe, èmi náà sì ni wọ́n máa ń ní kó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Àbújá níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó bú mi.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ báyìí ni pé ẹni tí mo ṣẹ̀ wà nínú ilé mi. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó wà ní pálọ̀, ó ń wo ìròyìn, ó sì ń bá ẹni tó ń ka ìròyìn jiyàn. Bàbá ìyàwó mi ni.

Káfíńtà ni Bàbá, ní Ìkìrun. Ọmọbìnrin ni gbogbo ọmọ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń lọ sílé ọkọ, Bàbá á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan tábìlì ìjẹun fún un, kò ní í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan fọwọ́ kàn án. Ti ìyàwó mi ni àkọ́kọ́. Ìrókò ni, pẹ̀lú àga mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí Àbújá, ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e tẹ̀ lé wa wá sí Kúbwá. Àwọn tó gbé e wọlé bú mi ní èdè tí mi ò gbọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èébú ni.

Ká sọ òtítọ́, a kì í jẹun lórí rẹ̀. Iwájú tẹlifíṣọ̀n lèmi ti ń jẹ tèmi. Àwọn ọmọ ń jẹ tiwọn lórí bẹ́ẹ̀dì bí ìyá wọn ò bá rí wọn. Aṣọ tí a fẹ́ lọ̀ ló ń gbé orí tábìlì náà, òun àti ajere tó ti fọ́, àti iná Kérésìmesì tí a ò kó kúrò.

Èmi sì ń wá ibi iṣẹ́. Bí mo bá ti ọ́fíìsì dé, mo máa ń kọ ìtàn fún àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń kọ ọ́, kọ̀ǹpútà lórí ìrọ̀rí, ẹ̀yìn á máa ro mí. Lọ́jọ́ kan mo rí àwòrán yàrá kan lórí ayélujára. Tábìlì rẹ̀ so mọ́ ògiri. Bí o bá fẹ́ ṣiṣẹ́, wàá tú u sílẹ̀. Bí o bá ṣe tán, wàá pa á dé. Bó bá di ọjọ́ Sunday, wàá fà á gùn, gbogbo ilé á sì yí i ká jẹun. Mo ní, Olúwa, tèmi rèé.

Mo ya àwòrán tèmi náà. Mo wọn yàrá ìjẹun wa nígbà tí ìyàwó mi lọ ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti yan ọ̀dà ògiri, mo ti lọ wo kọ́tìnnì ní Wúsè, mo ti mọ ibi tí ìkówèésí máa wà àti ibi tí iná máa wà. Ohun kan ṣoṣo ló dí mi lọ́nà, ìrókò ni.

Mo fi ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Mo ní, “Ìyá Tolú, ṣé tábìlì yìí ò ti tóbi jù fún wa?”

Ó ní, “Bàbá Tolú, ikùn yín náà ti tóbi. Ṣé mo ti ní kí ẹ gbé e jáde?”

Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá wò mí, ó ní, “Bàbá mi ló kan án. Ibi tí mo bá wà ló máa wà.” Ó padà sí ilé ìdáná.

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní ọ́fíìsì, Sánúsí lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Haúsá ni, ṣùgbọ́n Ìlọrin ló ti kàwé, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Gwagwalada ló ń gbé, ó ní oko sí Abájí. Mo tẹ̀ lé e lọ sí oko náà ní Sátidé kan, mo sì rí ẹnu ọ̀nà ahéré àtijọ́ kan tí ikán ti jẹ pátápátá. Ilé tí wọ́n mọ gun igi náà ṣì wà lára rẹ̀, bí iṣan lára ẹsẹ̀ arúgbó. Mo dúró, mo ń wò ó. Mo rántí ìrókò ilé wa. Mo tọrọ ọ̀rá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha erùpẹ̀ ikán náà sínú rẹ̀.

Sánúsí ní, “Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

Mo ní mo fẹ́ fi gbin òdòdó.

Ó ní, “Kai! Erùpẹ̀ ikán fún òdòdó? Sànnu o, àgbẹ̀ Kúbwá.”

Mo dúró di ọjọ́ tí ìyàwó mi lọ síbi àdúrà àwọn obìnrin. Mo po erùpẹ̀ náà mọ́ omi. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì, mo ń mọ ọ́n díẹ̀díẹ̀ gun ẹsẹ̀ rẹ̀, bí mo ṣe rí i lóko. Mo fi ìṣó gún ihò síbi tó ṣókùnkùn. Mo wọ́n ìyẹ̀fun igi sílẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ náà dára. Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń fara balẹ̀ kọ ìwé ni, ẹ ò bá ti gbọ́ orúkọ mi.

Nígbà tó dé, mo pariwo, “Ìyá Tolú, wá wo nǹkan!”

Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó fi ìka kan erùpẹ̀ náà. Mo ti múra sílẹ̀ de àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n ó kàn fa àga kan, ó jókòó. Mo ní bí a ò bá tètè gbé e kúrò, wọ́n á gun àjà. Mo ní mo máa sun ún. Ó mi orí pé ó dáa.

Mi ò sun ún. Mi ò láyà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tó wà níbi iṣẹ́, mo fọ ẹsẹ̀ tábìlì náà mọ́, mo di ihò rẹ̀, mo sì ní kí Sánúsí wá gbé e. Mo sọ fún un pé ó tóbi jù fún wa ni. Ó wà nílé rẹ̀ títí di òní. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé lórí rẹ̀. Ó máa ń sọ fún mi ní ọ́fíìsì pé, “Ọ̀rẹ́ mi, tábìlì yẹn á sin mí.”

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ìyàwó mi ti pe bàbá rẹ̀.

Bàbá ò pariwo. Ohun tó béèrè ò ju pé, “Ìrókò yẹn?” Nígbà tí ìyàwó mi ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá pa fóònù.

Ara ìtì igi kan náà ni Bàbá ti kan pẹpẹ ìwàásù ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àti bẹ́ẹ̀dì aládùúgbò rẹ̀ kan. Ó lọ bẹ pásítọ̀ kí ó jẹ́ kí òun yẹ pẹpẹ náà wò. Ó dojú bolẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀. Ó lọ bẹ aládùúgbò rẹ̀ náà, wọ́n gbé tìmùtìmù kúrò. Kò rí ikán kankan. Ó sọ fún ìyàwó mi pé, “Wọ́n wà níbẹ̀. Èmi ni mi ò rí wọn.” Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ó ní òun ò mọ ìrókò yàtọ̀ sí igi mìíràn mọ́.

Mo gbọ́ gbogbo èyí. Mo gbọ́ ọ, mo ń jẹun lọ.

Yàrá mi ńkọ́? Ó rẹwà. Àlejò máa ń ya fọ́tò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé, mi ò lè jókòó síbẹ̀. Mo ti kun ògiri náà ní àkùntúnkùn. Mo kọjú àga sí fèrèsé, mo kọjú rẹ̀ sí ògiri, mo tún kọjú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Mo tú tábìlì sílẹ̀, mo pa á dé, mo lọ mu omi, mo padà wá tú u. Ìtàn kan ṣoṣo, mi ò tíì kọ ọ́ parí níbẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo padà sí, ẹ̀yìn ṣì ń ro mí.

Ní báyìí, Bùkọ́lá, àbígbẹ̀yìn Bàbá, fẹ́ ṣègbéyàwó ní oṣù Kejìlá. Ó bẹ Bàbá nítorí tábìlì tirẹ̀. Bàbá ní, “Mi ò ní í di ikán fún ọ lọ sílé ọkọ.” Ọmọ náà sunkún títí. Ìyàwó mi ní kí Bàbá máa bọ̀ ní Àbújá, ká gbé e lọ yẹ ojú rẹ̀ wò ní ọsibítù Gwagwalada.

Òní la lọ. Dókítà yẹ ojú náà wò síwá sẹ́yìn, ó ní ojú Bàbá dá ṣáká. Ìyàwó mi ń yọ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìgbà tí a wọ ọkọ̀ ni Bàbá tó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: “Bó bá jẹ́ ojú ni, wọn ì bá fún mi ní gíláàsì. A jẹ́ pé ọpọlọ mi ni.”

Ibẹ̀ ni fóònù mi dún. Sánúsí ni. “Mo gbọ́ pé ẹ wà ní Gwagwalada! Ẹ yà wá jẹun!” Mo ní, “Há, a ti kọjá Zúbà, a ti fẹ́ dé Kúbwá o,” nígbà tó jẹ́ pé iwájú òpópónà ilé rẹ̀ gan-an la wà. Ìyàwó mi yíjú sí mi. “Bàbá Tolú, Zúbà wo?” Mo tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

Kí ni kí n ṣe? Bí mo bá jẹ́wọ́, mi ò mọ ojú tí ìyàwó mi á fi wò mí. Bí mo bá dákẹ́, Bùkọ́lá á lọ sílé ọkọ láìní tábìlì, Bàbá á sì máa rò pé orí òun ti dàrú títí tó máa fi kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kódà, irọ́ mìíràn ti ń gbérí lọ́kàn mi bí mo ṣe ń bẹ̀ yín yìí.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí lánàá nìyẹn. Àárọ̀ yìí ni mo kọ èyí tó kù.

Ìró kan ló jí mi, kó, kó, kó. Mo jáde. Bàbá wà lórí eékún nínú yàrá iṣẹ́ mi, ó ń fi ìka kan tábìlì ara ògiri, ó sì fi etí lé e. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i.

Ó ní, “Bàbá Tolú, ẹ bá mi wo abẹ́ ibí yìí. Èmi ò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n mi ò fọkàn tán ara mi mọ́.”

Mo wọ abẹ́ rẹ̀. Ojú ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí pẹ̀lú abọ́ ẹrẹ̀ nígbà yẹn ni. Mo wò ó. Mo ní, “Kò sí ikán, Bàbá.”

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Ó dá mi lójú, Bàbá.”

Ó mí kanlẹ̀. Ó fọwọ́ tọ́ mi léjìká. Ó ní, “Ẹ ṣé é. Ẹ̀yin lẹ rí i nígbà yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti ní kò sí, kò sí nìyẹn. Mo ti rò ó. Mo máa kan ti Bùkọ́lá, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa bá mi yan igi. Ẹ jẹ́ ká lọ wo pákó ní Dèídèí.”

Ó ti dé fìlà. Ó ti wà nínú ọkọ̀ báyìí, ìyàwó mi náà wà lẹ́yìn rẹ̀, inú wọn ń dùn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n mú kọ́kọ́rọ́, ó sì ti wà lọ́wọ́ mi tipẹ́. Ọ̀nà Dèídèí náà ni ọ̀nà Gwagwalada. Bí mi ò bá yà, tí mo bá ń wa ọkọ̀ lọ tààrà, ilé Sánúsí la máa já sí.

Bàbá ti tẹ fèrè ọkọ̀.

Ó tún ti tẹ̀ ẹ́.