Omi Tí Wolé-wolé Mu Lórí Òkè

Nínú lọ́rì tó ń ti Ọ̀wẹnà bọ̀, ọkùnrin kan tó ti ṣe wolé-wolé rí ń bá ìyá olóbì kan sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Nígbà tí Ìdànrè ṣì wà lórí òkè, èmi ni ìjọba ń rán lọ yẹ ìkòkò omi wò. Ẹni tí tanwíjí bá wà nínú omi rẹ̀, kóòtù ni."

"Ẹni mélòó lẹ mú?"

"Ìyá, ta ni mo fẹ́ mú? Kí n tó gun àtẹ̀gùn tán, mi ò lè mí délẹ̀ mọ́. Obìnrin tí mo kọ́kọ́ yà sílé rẹ̀ ló fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi, tó bu omi fún mi. Mo mu igbá mẹ́ta."

"Ẹ wá yẹ ìkòkò náà wò?"

"Rárá o. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba pé omi náà mọ́. Ohun tó ti wà níkùn mi, ṣé kí n tún lọ wo ojú ẹ̀ ni?"