Ẹ̀yin Náà Ò Bi Wá Léèrè

Níbi tí a tò sí tí à ń ra wáákyé, ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀wà sè, láàárọ̀ ní àdúgbò Nyohini ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, láàárín Hajia àgbàlagbà kan àti ọkùnrin ọ́fíìsì ìlú tó fi pátákó orúkọ òpópónà há abíyá.

"Hajia, òpópónà yín ni mò ń gbé e lọ. A ti yọ orúkọ òyìnbó tó ṣàkóso ibí nígbà kan yẹn kúrò. Orúkọ olóyè ńlá la fi rọ́pò rẹ̀."

"Ta ló bi wá léèrè?"

"Ìgbìmọ̀ ló jókòó lé e lórí, mà."

"Òyìnbó yẹn náà jókòó. Kò bi wá léèrè. Ẹ̀yin náà ò bi wá léèrè."

Bó ṣe sọ "ẹ̀yin náà" yẹn, gbogbo wa tó wà lórí ìlà yíjú sí ọkùnrin náà.

"Ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ yìí ni olóyè yẹn, mà."

"Mo gbọ́. Òpópónà yẹn ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ti mọ orúkọ tó fẹ́ sọ mí. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kẹjọ, ó gbé abọ́ sílẹ̀, tẹbí tará sọ owó sí i, kálukú sì fún mi lórúkọ tiẹ̀. Orúkọ mọ́kànlá ni mo ní."

"Pátákó ò lè gba orúkọ mọ́kànlá, Hajia."

"Ìyẹn ò kàn ọ́. Pa ohun tó wà lára rẹ̀ rẹ́, kí o gbé e wá ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Màá ti gbé abọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ará òpópónà."