Ọta Tí Mo Dì fún Àna Mi

Ẹ bá mi pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Maureen, fi kọfí sílẹ̀, wá jókòó. Ẹ̀yin tí mo ránṣẹ́ pè, mo mọ̀ pé ẹ ti rí rọ́bà afẹ́fẹ́ tó wà nímú mi, ẹ sì rò pé mo fẹ́ dágbére ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó yẹ kí n ti sọ láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò sì gbọdọ̀ gbé e wọ sàréè, nítorí ẹlòmíràn ló ń jìyà rẹ̀. Ẹni náà ló jókòó lẹ́bàá fèrèsé yẹn. Twyla, o ṣeun tó o wá. Dúró síbẹ̀ tó o wà, má sún mọ́ mi. Tó o bá gbọ́ tán, ó lè wù ẹ́ kó o jáde, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí ẹ lọ́nà.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ní ìlú Dubois yìí, èmi Orrin Lathrop ni wọ́n ń tọ́ka sí tó bá di ọ̀rọ̀ ká fọwọ́ di ọta ìbọn. Clete, ẹ̀gbọ́n Maureen ìyàwó mi, bàbá Twyla, ní ìbọn ìléwọ́ kan tó tóbi débi pé àlejò máa ń rò pé ohun ìṣeré ni. Ọta rẹ̀ nípọn bí àtàǹpàkò. Agbára ọta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bú ni ìbọn náà fi ń pọ òfìfo idẹ ọta náà dànù, kó tó fúnra rẹ̀ gbé òmíràn sẹ́nu. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ máa ń yan oúnjẹ. Bí ẹ̀tù inú ọta bá kéré, ó máa dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin orí rẹ̀ kò ní lè padà sẹ́yìn tán; òfìfo idẹ á há sí i lẹ́nu, ìbọn á sì dákẹ́. Mo mọ ìwọ̀n ẹ̀tù tí ìbọn Clete ń fẹ́ bí mo ṣe mọ ṣúgà tí Maureen ń fẹ́ nínú kọfí. Èmi ń dì í, òun ń yìn ín, òun náà ló sì ń gba ife ẹ̀yẹ ìdíje ìbọn yínyìn ẹgbẹ́ wa lọ́dọọdún. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó di ọta.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀, a wà nílé oúnjẹ Fern, à ń jẹ páì. Clete bá dìde. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n ṣe Orrin fún yín." Ó nawọ́ bí ẹni tó mú ìbọn, ó di ojú méjèèjì pinpin, ó wá ń gbọ̀n bí adìyẹ tí òjò pa. Ó ní, "Alásè ni àna mi yìí o! Ó mọ ọbẹ̀ sè, ṣùgbọ́n tó bá kan jíjẹ, ẹ̀rù ata ń bà á!" Gbogbo ilé oúnjẹ ń lu tábìlì. Mo ní, "Clete, ó tó." Ó ní, "Kí ló tó? Ṣé mo parọ́ ni? Maureen, ìwọ náà sọ ọ́." Maureen rẹ́rìn-ín. Má sunkún, ìyàwó mi, ẹ̀rín lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn bá mi délé, kò sì jẹ́ kí n gbádùn.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìnkùlé, mo di páálí ọta kan fún Clete, mo sì dín ẹ̀tù gbogbo wọn kù. Mo fẹ́ kí ìbọn rẹ̀ há lójú gbogbo yín, kí òun náà mọ bí ẹ̀rín ṣe ń rí lára. Mi ò rò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi tí mo mọ̀ pé òkè tó ní béárì ló máa ń gbé ìbọn yẹn lọ, mi ò rò jù bẹ́ẹ̀ lọ! Nígbà tí mo gbé páálí náà fún un, ó dì mọ́ mi, ó ní, "Orrin, má bínú ọ̀rọ̀ ijọ́sí. Ẹnu mi yìí, kò ní ìjánu." Mo ní kò sí nǹkan kan.

Iná bá sọ nínú igbó orí òkè, èéfín bo ìlú, wọ́n fagi lé ìdíje. Mo pe Clete lórí fóònù láti gba ọta mi padà. Mo ní, "Páálí ọta yẹn..." Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. "Alásè! Ṣé o fẹ́ wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yìn ín ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ara mi gbóná. Mo ní, "Rárá, mo kàn ní kí n kí ẹ ni." Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ìgbéraga mi ló tó èèyàn pa, ó sì pa á.

Nígbà ọdẹ, èmi àti ẹ̀ jọ gòkè. Mo kó ọta gidi sínú àpò gàárì ẹṣin mi, mo ní n ó jí èyí tó wà nínú ìbọn rẹ̀ pààrọ̀. Àyè yọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ̀rù bà mí pé ó lè ká mi mọ́ ọn, mo sì ń tì í síwájú. Clete fi ìbọn gígùn rẹ̀ pa àgbọ̀nrín ńlá kan, ó jókòó tì í, ó ń bó o. Èmi sọ̀ kalẹ̀ lọ mú àwọn ẹṣin wá. Mo gbọ́ ìró ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo dúró, mò ń retí òmíràn. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò dún mọ́. Mo ti mọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Béárì tó kọlù ú ti lọ nígbà tí mo débẹ̀. Clete ṣì ń mí. Ó ní, "Ó há, Orrin." Mo ní, "Má sọ̀rọ̀, àna mi, má sọ̀rọ̀." Ó di ọwọ́ aṣọ mi mú. Ó ní, "Kì í ṣe ọta ẹ o. Má jẹ́ kí wọ́n bú ọta ẹ." Ó kú sọ́wọ́ mi. Ara rẹ̀ ò tíì tutù tí mo fi mú ìbọn náà, tí mo yọ idẹ tó há sí i lẹ́nu, tí mo kó gbogbo ọta àrékérekè yẹn jù sínú odò, tí mo sì fi ọta gidi dípò wọn.

Mo sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé ìbọn há mọ́ Clete lọ́wọ́, wọ́n sì yìn ín wò. Ó yìn geere, wọn ò rí àléébù kankan lára ọta. Ọ̀kan nínú wọn ní, "A jẹ́ pé ìdọ̀tí ló há a. Ta ló nù ún kẹ́yìn?" Twyla dáhùn pé, "Èmi ni. Dádì ní kí n bá àwọn nù ún." Ẹ rántí bí gbogbo yín ṣe yíjú sí i. Mo wà níbẹ̀. Mo wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tó bá wọ ilé oúnjẹ, ọ̀rọ̀ á dá lẹ́nu yín.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti burú jù kọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn ìsìnkú, Twyla wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní, "Àǹkù Orrin, ẹ̀yin lẹ mọ ìbọn yẹn jù. Ẹ má fi pa mọ́ fún mi o. Ṣé èmi ni mo pa Dádì?" Ẹnu mi ìbá là nígbà yẹn. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé e lórí, ọwọ́ tí mo fi dín ẹ̀tù kù, mo ní, "Ọmọ mi, àṣìṣe ni. Bàbá ẹ ti dárí jì ẹ́." Ó wólẹ̀ síbẹ̀, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Mo fi orúkọ òkú dárí ẹ̀ṣẹ̀ ara mi ji ọmọ rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ló fi ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó ní ọwọ́ òun kì í ṣe ọwọ́ tí wọ́n lè fi ẹ̀mí èèyàn sí. Ó kó lọ sí ìpínlẹ̀ Nevada, ó ń gbá ilẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì.

Twyla, mo tọrọ àforíjì. Má dá mi lóhùn lónìí, bó ò bá sì dá mi lóhùn títí mo fi kú, ẹjọ́ ò sí níbẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ kó o mú kúrò nílé yìí. Lórí òkè lọ́jọ́ náà, mo tú ìbọn yẹn, mo wo inú rẹ̀. Ó ń dán. Kò sí èérí kankan níbẹ̀, epo sì wà níbi gbogbo tó yẹ kí epo wà. O nù ún dáadáa, ọmọ mi. Kì í ṣe ọwọ́ ẹ. Kò fìgbà kan rí jẹ́ ọwọ́ ẹ.