Ìka Búsàrí Lórí Orúkọ Ìyá Awáwù

Ẹ̀yin mùmíní, lọ́kùnrin lóbìnrin, àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá yín gbé. Àmánà ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má rò pé owó tí wọ́n fi pamọ́ sí yín lọ́wọ́ nìkan ló ń jẹ́ àmánà o. Orúkọ ènìyàn pàápàá, àmánà ni. Ayé ti yí. Ẹ̀rọ ni ìjọba fi ń mọ̀ wá báyìí, ẹni tó sì jókòó sídìí ẹ̀rọ náà, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀mí wa wà. Ẹ bá mi jí ẹni tó ń sùn lẹ́yìn yẹn, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kàn án.

Ọmọkùnrin kan wà ní Ìdí-Òro, Búsàrí lorúkọ rẹ̀. Ó kàwé, ó ń kírun, sáàfù iwájú, ní ìlà àkọ́kọ́ lẹ́yìn lèmọ́mù, ni í máa ń dúró sí. Nígbà tí ìjọba ní kí ará ìlú wá forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú ọ̀fẹ́, òun ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀ka fún. Wọ́n ní ẹni tó bá kọ orúkọ tó pọ̀ jù ni yóò gba iṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ ní ọsibítù. Búsàrí sì ń wá iṣẹ́ lójú méjèèjì.

Ó kan Ìyá Awáwù, ìyá tó ti ń yan gàrí láti ìgbà ọmọge. Ìka rẹ̀ kò wọ ẹ̀rọ. Iná agbada ti jẹ gbogbo ìlà ọwọ́ rẹ̀ tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yan gàrí rí, ẹ wo ọwọ́ yín. Ṣé irọ́ ni mo pa?

Wọ́n ti kọ́ Búsàrí: kó fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọwọ́ náà, kó fi òrí pa á, kó gbìyànjú ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Sùúrù ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò ti tò dé ẹnu ọ̀nà. Ó tẹ orí ba, ó fi àtàǹpàkò òsì tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ké pín-ín.

"Ó ti wọlé, ìyá."

"Mi ò mà tíì gbé ọwọ́ lé e padà?"

"Àkọ́kọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹ máa lọ."

"Ọlọ́hun á tì ọ́ lẹ́yìn, ọmọ mi."

Ó gba iṣẹ́ náà.

Òjò ọdún kejì ni ejò bu Ìyá Awáwù jẹ nínú oko ẹ̀gẹ́. Awáwù ọmọ rẹ̀ fi ọ̀kadà gbé e dé ọsibítù, ẹsẹ̀ ti wú dé orúnkún. Oògùn ejò wà ńbẹ̀, nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n nítorí àwọn tó ń jí oògùn tà, ìjọba ti fi ẹ̀rọ tì í pa: ìka tí wọ́n fi forúkọ aláìsàn náà gan-an sílẹ̀ nìkan ni yóò ṣí i. Ọ̀gá tó ní kọ́kọ́rọ́ ti lọ sí ìpàdé.

Nọ́ọ̀sì Tinúadé gbé ọwọ́ ìyá lé e. Iná pupa. Ó tún un gbé. Pupa.

"Bọ̀dá Búsàrí!" Awáwù fi igbe ta. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ orúkọ wọn?"

 Búsàrí nìkan ló mọ̀ pé ìka tí yóò ṣí i wà ní ọwọ́ òun. Tó bá tẹ̀ ẹ́ lójú nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ bọ́, ọlọ́pàá dé. Tí kò bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Ìyá ń kú lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ bá ṣe?

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni," ló sọ. "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi bu omi wá, ẹ̀rọ ti gbóná."

"Ẹ̀rọ ń mu omi ni? Mi ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn."

"Awáwù, sáré lọ wá òrí, ká fi pa ọwọ́ wọn."

Ọmọ ọlọ́mọ sáré lọ. Òrí tó yẹ kí Búsàrí ti wá lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀! Ẹ wo bí ṣàítánì ṣe ń fi nǹkan rere ṣe ìbòjú.

Wákàtí kan gbáko. Ẹsẹ̀ dúdú dé itan. Búsàrí ń retí kí nọ́ọ̀sì ṣáà yíjú. Nọ́ọ̀sì kò yíjú. Ni ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe kàlímà, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mùmíní, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń di ẹrù. Búsàrí kò lè gbọ́ ọ parí. Ó ti nọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ àtàǹpàkò òsì mọ́ ẹ̀rọ. Iná aláwọ̀ ewé. Orúkọ Ìyá Awáwù yọ, kọ́bọ́ọ̀dù ṣí gbàgà.

Nọ́ọ̀sì wo ìka náà, ó wo ojú rẹ̀. "O mọ̀. Láti wákàtí kan yìí, o mọ̀." Ó gún abẹ́rẹ́.

Ìyá kò kú. Ṣùgbọ́n wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Dókítà ní ká ní oògùn dé ní wákàtí kan ṣáájú ni, ẹsẹ̀ ì bá wà. Wọ́n lé Búsàrí, wọ́n gbé e dé kóòtù. Nígbà tó jáde, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá.

Ìyá ní, "Ti ìka tí o tẹ̀, mo ti forí jì ọ́. Ìwàǹwára ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n wákàtí tí o fi ń wò mí lójú, tí ò ń ro ti iṣẹ́ rẹ, èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń forí jìn ín. Lọ bá Ọlọ́hun sọ ọ́."

Ẹ gbọ́ ọ? Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń tẹ orúkọ olùdìbò, orúkọ arúgbó tó fẹ̀yìn tì, orúkọ ọmọ ilé-ìwé, ènìyàn ni ẹ̀ ń tẹ̀ o, kì í ṣe lẹ́tà. Bẹ́ ẹ bá ti ṣì í ṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́. Àṣìṣe kì í pa ni tó wákàtí tí a fi bò ó mọ́lẹ̀.

Ọlọ́hun tó dá ìka kálukú lọ́tọ̀, fi ọ̀nà tààrà mọ̀ wá. Lọ́jọ́ ìdájọ́, tí ẹnu yóò dákẹ́, tí ọwọ́ yóò máa rojọ́, má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ wa tú wa fó. Àmín.