Àmì Pupa Lára Ilé Gogoro Àwọn Ṣọ́jà

Lórí fóònù, aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá. MÀDÁÁMÙ ni ọ̀gá ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́. BÀBÁ Ọ̀DÀ ni àbúrò ìyá rẹ̀. Òun ló ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó.

MÀDÁÁMÙ: Háló! Ẹ káàsán sà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn—

BÀBÁ Ọ̀DÀ: Mí ná! Káàsán, ọ̀gá mi. Àwọn ọmọ ńkọ́?

MÀDÁÁMÙ: Wọ́n wà. Ẹ jọ̀ọ́, katapílà ń bọ̀ láago mẹ́rin. Ṣé ẹ ti sàmì sára ilé tó kù?

BÀBÁ Ọ̀DÀ: Èwo?

MÀDÁÁMÙ: Ẹ mọ̀ ọ́n, sà.

BÀBÁ Ọ̀DÀ: Dárúkọ ẹ̀.

MÀDÁÁMÙ: Ilé màámi.

BÀBÁ Ọ̀DÀ: Ẹ̀n-ẹ́n. N ò tíì débẹ̀. Ọ̀dà ti tán.

MÀDÁÁMÙ: Odidi garawa kan! Ilé kan ṣoṣo ló kù!

BÀBÁ Ọ̀DÀ: Eléyìí tí mo wà yìí ló tóbi. Ó mu ọ̀dà.

[Afẹ́fẹ́. Ẹnì kan ń wúkọ́.]

MÀDÁÁMÙ: Ibo lẹ wà?

BÀBÁ Ọ̀DÀ: Orí àkàbà.

MÀDÁÁMÙ: Ta ló ń wúkọ́?

BÀBÁ Ọ̀DÀ: Ẹni tó ń bá mi di àkàbà mú ni. Ṣé o gbọ́ mi?

MÀDÁÁMÙ: Network yìí! Àkàbà ibo, Bàbá?

BÀBÁ Ọ̀DÀ: Bárékè àwọn ológun òfurufú. Ilé gogoro tí wọ́n ti ń sọ fún bàálù pé kó balẹ̀—

MÀDÁÁMÙ: Mo gbé!

BÀBÁ Ọ̀DÀ: Mo wọ̀n ọ́n. Ogójì mítà.

MÀDÁÁMÙ: Tìtorí bàálù wọn la ṣe ṣòfin yẹn! Àwọn ló ní kílé má ga!

BÀBÁ Ọ̀DÀ: Ẹ̀dà ìwé àdéhùn yín wà lápò mi. "Ilé gbogbo tó bá ga ju mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ." Ilé gbogbo! Ọ̀gá wọn buwọ́ lù ú, ìwọ náà buwọ́ lù ú. Ilé ìyá ẹ fi mítà kan péré lé. Mo bẹ̀ ẹ́, o ní òfin ò mọ ìyá, kò mọ bàbá. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ṣebí ó wà lájà fún ìyàwó?

MÀDÁÁMÙ: Báwo ni wọ́n ṣe jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé?

BÀBÁ Ọ̀DÀ: Wọ́n rí òǹtẹ̀ ọ̀gá wọn nínú ìwé. Wọ́n sálúùtù mi.

MÀDÁÁMÙ: Please, ẹ nù ún kúrò kí wọ́n tó rí i!

BÀBÁ Ọ̀DÀ: Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Wọ́n ti ń kẹ́rù.

MÀDÁÁMÙ: Ẹrù kí ni?

BÀBÁ Ọ̀DÀ: Ìwọ lo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kéèyàn má dúró nínú ilé tí wọ́n bá ti sàmì sí. Wọ́n ti gbé àga sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbé kẹ́tùlù. Ọ̀kan gbé òdòdó inú ìkòkò mọ́ àyà.

[Bàálù ń hó lókè.]

MÀDÁÁMÙ: Ta ló wá ń dá bàálù lóhùn?

BÀBÁ Ọ̀DÀ: Kò sẹ́ni. Ọ̀kan ló ń yí po lókè yẹn.

MÀDÁÁMÙ: Yéè! Ẹ pe ọ̀gá wọn kó fagi lé e!

BÀBÁ Ọ̀DÀ: Ọ̀gá wọn ló wà nínú bàálù.

[Bàálù tún hó kọjá.]

BÀBÁ Ọ̀DÀ: Ṣé o gbọ́ mi?

MÀDÁÁMÙ: Mo gbọ́. Ọlọ́run mi o.

BÀBÁ Ọ̀DÀ: Mo ti sọ̀ kalẹ̀. Sájẹ́ńtì wọn ní ìwọ tó o buwọ́ lù ú ṣìkejì nìkan ló tún lè fagi lé e. Fóònù wà ní sípíkà. Gbogbo wọn dúró yí kẹ́tùlù ká, wọ́n ń gbọ́ ẹ.

MÀDÁÁMÙ: Good afternoon, sirs. Mo fagi lé àmì ilé gogoro. Officially. Ilé gogoro nìkan!

BÀBÁ Ọ̀DÀ: Sájẹ́ńtì ní ìwé kan ṣoṣo ni. Tó o bá fà á ya, gbogbo ẹ̀ ló ya.

MÀDÁÁMÙ: Bàbá, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é!

BÀBÁ Ọ̀DÀ: Èmi? Ọlọ́dà lásánlàsàn?

MÀDÁÁMÙ: Ẹ rò pé ó dùn mọ́ mi? Oṣù méjì ni màámi ò gbé fóònù mi. Màá pè, á dún títí, màá sunkún sórí fáìlì. Tí mo bá yọ ilé màámi, ilé mọ́kànlá tó kù ńkọ́? Wọ́n á ní mo ṣojúsàájú—

BÀBÁ Ọ̀DÀ: Fa ìwé ọwọ́ ẹ ya, ilé mọ́kànlá náà yọ. Ojúsàájú wo ló kù níbẹ̀? Sájẹ́ńtì ní epo bàálù ń tán lọ o.

[Ìwé ya. Ó tún ya.]

MÀDÁÁMÙ: Ṣé ẹ gbọ́ ọ?

[Ariwo ẹsẹ̀.]

BÀBÁ Ọ̀DÀ: Wọ́n ti ń sáré gòkè! Olódòdó ló ṣíwájú! Bàálù ń sọ̀ bọ̀... ó ń bọ̀... Ó balẹ̀ o!

MÀDÁÁMÙ: Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ bá mi dé ilé màámi. Ẹ sọ fún wọn pé a ò wólé mọ́, pé mo—

BÀBÁ Ọ̀DÀ: Sọ ọ́ fúnra ẹ.

MÀDÁÁMÙ: Wọn ò ní gbé e.

BÀBÁ Ọ̀DÀ: Ta lo rò pé ó ń bá mi di àkàbà mú látàárọ̀?

[Ikọ́. Fóònù bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.]

MÀDÁÁMÙ: Màámi?

ÌYÁ: Ṣé o ti jẹun?

MÀDÁÁMÙ: Màámi—

ÌYÁ: Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní ṣé o ti—

[Fóònù gé.]