Wáyà Méjì Tí Wọ́n Pààrọ̀ Lẹ́yìn Mi

Èmi ni mo bà á jẹ́? Èmi? Kó tún un sọ lójú mi kí n gbọ́. Ọmọ àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá ẹ̀, ó nàka sí èmi tí mo ju bàbá ẹ̀ lọ, ó ní èmi ni mo so wáyà sódì, èmi ni mo fẹ́ pa bàbá òun. Jókòó, jọ̀ọ́, má tíì lọ, tíì rẹ ò tíì tutù. O ò mọ̀ mí, èmi náà ò mọ̀ ọ́, ìyẹn ló dáa, torí àwọn tó mọ̀ mí ò fẹ́ gbọ́ mọ́.

Àbúrò mi ni mò ń sọ, ọmọ ìyá mi. Awakọ̀ bàálù ni. Èmi sá kúrò nílé ìwé kí n tó mọ orúkọ mi í kọ tán, òun ló kàwé fún àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n mo rìn o, má wò mí báyìí. Òkun wo ni mi ò dá kọjá? Mo ti so wáyà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń jó lọ́wọ́, tí ọ̀gá ọkọ̀ ń sunkún bí ọmọdé. Ò ń rẹ́rìn-ín. Máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn náà máa kàn wá níwájú.

Ojú àbúrò mi ló fọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí àtùpà tí epo ń tán nínú ẹ̀. Wọ́n gba bàálù lọ́wọ́ ẹ̀, ó wálé, ó jókòó, kò bá èèyàn sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ní kò burú, bí wọn ò bá jẹ́ kó wa tòkè, a ó kan tiwa, èyí tí kì í fò, sí yàrá ẹ̀yìn. A kàn án. Pákó la fi ṣe iwájú ẹ̀, ìjókòó mọ́tò tó ti kú la fi ṣe àga, kọ̀ǹpútà ló ń pariwo ẹ́ńjìnì, ohùn inú ẹ̀ ló ń ka gíga bàálù fún un. Súwíìṣì iná, súwíìṣì epo, súwíìṣì táyà, èmi ni mo lu ihò wọn, èmi ni mo fi lẹ́ẹ̀dì yíyọ́ lẹ wáyà wọn mọ́ ọn. Súwíìṣì ò le: o gbé e sókè, ó tàn, o gbé e wálẹ̀, ó kú. Bọ́tìnì tí à ń yí kí bàálù lè gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ ló lágídí. Kò dà bíi ti rédíò tó máa ń dé òpin. Èyí ò lópin, á máa yí lọ ni, á máa dún kẹ́, kẹ́, kẹ́ lábẹ́ ìka, kẹ́ kan sì ni ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà lójú ọ̀run. Wáyà mẹ́ta ló jáde lára ẹ̀, dúdú láàárín, funfun lápá kan, yẹ́lò lápá kejì. Bí o bá gbé funfun síbi tó yẹ kí yẹ́lò wà, òkè á di ilẹ̀.

Mo gbé e síbẹ̀. Ẹn, mo gbé e síbẹ̀, ta ló bi ọ́? Àbúrò mi yí i sọ́tùn-ún kó lè gòkè, bàálù ń lọ sílẹ̀. Mo ti mú áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì kí n tú u, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín o, láti ìgbà tójú ẹ̀ ti lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin gan-an lẹ wà nínú ẹ̀, òdì ni gbogbo ìrìn yín. Ọwọ́ mi á kọ́ ọ." Ọwọ́ ẹ̀ sì kọ́ ọ. Òsì lòkè, ọ̀tún nilẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní ká pa ohùn tó ń ka gíga fún un, pé ọwọ́ òun ti ń ríran.

Ló bá di pé ọmọ ẹ̀ dé, Ẹnjiníà. Èmi ò sí nílé, mo rìn jáde díẹ̀, ẹsẹ̀ mi kì í gbé ibì kan. Ó tanná wo abẹ́ pákó, ó rí wáyà, ó ní ẹ wo iṣẹ́ ẹni tí ò kàwé. Ó pààrọ̀ méjèèjì. Ó tọ́, mi ò ní kò tọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnì kankan. Ta ní ń tún yàrá afọ́jú tò láì sọ fún un?

Àbúrò mi jókòó láàárọ̀. Òkè ńlá kan wà lọ́nà ẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ó mọ̀ ọ́n, ó ti máa ń fò ó bí ẹní fo gọ́tà. Ó yí bọ́tìnì sósì. Bàálù ń lọ sílẹ̀. Ohùn ìkìlọ̀ ń ké pé gòkè, gòkè, òun náà túbọ̀ ń yí i sósì, kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́, bó ti ń sá fún ikú ló ń sá lọ bá a. Gbogbo ẹ̀ wá dákẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé itan, ó ní, "Ọwọ́ mi náà ti fọ́jú."

Ó ti kọjú sógiri látìgbà náà. Bọ́tìnì ẹ̀wù ara ẹ̀, kò lè dè é mọ́, á na àyà sílẹ̀ kí wọ́n bá òun dè é.

Mo dé, mo wo abẹ́ pákó, mo rí i. Mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní ọwọ́ rẹ kọ́, wáyà ni. O mọ ohun tó sọ? Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kúkú sọ ti ọkọ̀ tó ń jó yẹn fún mi." Ó rò pé ìtàn ni. Òótọ́ kan ṣoṣo tí mi ò fi iyọ̀ sí, òun ni ò wọlé.

Mo ní kí ọmọ ẹ̀ sọ fún un. Ó ní kí lòun fẹ́ sọ, àtúnṣe lòun ṣe. Mo ní kó dá wáyà padà, kí bàbá ẹ̀ yí i lẹ́ẹ̀kan péré, ìka á gbọ́. Ó fi ìbínú fa bọ́tìnì yọ, ọrùn bọ́tìnì kán, ó tì mí síta. Ẹni tó fọ́ ọwọ́ bàbá ẹ̀ lójú, kí ọwọ́ tiẹ̀ náà... Rárá. Mi ò ní parí ẹ̀. Ọmọ mi ni.

Kí lo wí? O fẹ́ ra tíì fún mi torí ọ̀rọ̀ yìí? Máa mu tíì rẹ. Wo ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì yẹn, tí wọ́n ń ta wáyà àti gílóòbù, wọn ò tíì tilẹ̀kùn. Dìde. Bọ́tìnì kan lo máa rà fún mi, èyí tí ò lópin, má jẹ́ kí wọ́n kó ti rédíò fún ọ. Kí o sì ra wáyà gígùn mọ́ ọn, èyí tó máa ti yàrá ẹ̀yìn dé orí bẹ́ẹ̀dì, torí àbúrò mi ò ní dìde wá.