Àpòòwé Tó Wà Lókè

Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí, kí ahọ́n mi tó wúwo. Dókítà ní kí n máa sinmi. Ìsinmi tó ń bọ̀ wá bá mi yìí ti pọ̀ tó. Àbúrò mi, jókòó. Ìyàwó Káfíńtà, èmi ni mo ránṣẹ́ pè yín, torí ọ̀rọ̀ yín ni. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì méjì tí mo kọ́ níṣẹ́, ẹ ti ìlẹ̀kùn.

Yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo ti lo ayé mi. Tí ọ̀gá wa bá gé lára pánkíríásì, ẹ̀yà tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ, yóò rán ìyókù rẹ̀ mọ́ ìfun. Ẹ̀rù ohun kan ló máa ń bà wá lẹ́yìn náà: kí omi tó ń mú oúnjẹ dà má lọ jò lójú ibi tí wọ́n rán, kó máa jẹ ẹran ara ẹni láti inú. Àwọn dókítà kan ní bí a bá ki túùbù róbà tín-ín-rín bọ ibẹ̀, kò ní jò. Àwọn kan ní irọ́ ni. Ọ̀gá ní ká dán an wò. Ó di àpòòwé pa, ó tò wọ́n léra nínú àpótí: nínú òmíràn, “Fi túùbù sí”, nínú òmíràn, “Má fi sí.” Bó bá la ikùn tán, èmi ni màá ya èyí tó wà lókè. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yàn.

Ìyẹn fún ọmọ ẹlòmíràn o. Lọ́jọ́ tó kan àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, òun ni àkọ́kọ́, Káfíńtà ṣìkejì. Kí wọ́n tó gbé e wọlé, mo gbé àpòòwé méjì tó wà lókè sójú oòrùn lẹ́bàá fèrèsé, ọ̀rọ̀ inú wọn sì hàn. Ti àbúrò mi, “Má fi sí”; ti Káfíńtà, “Fi túùbù sí.” Mo fi ti ìsàlẹ̀ lé e lórí. Kò gbà mí ní àkókò rárá. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Lọ́jọ́ kẹfà, àbúrò mi ti ń bá mi jà pé ọbẹ̀ kò níyọ̀. Káfíńtà ń jò. Ọ̀gá tún ikùn rẹ̀ là, èmi ni mo gbé ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́. Ẹnu tí mo fi ń pàṣẹ fún gbogbo yín, n kò là á. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, Káfíńtà dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní bí òun bá dìde, òun ó kan àga gíga kan fún mi, torí òun rí i pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo ní ó ṣeun. Ojú kò tì mí!

Àbúrò mi, gbé orí sókè, kì í ṣe ìwọ lo ṣe é. N kò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni torí pé o wà láàyè. Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ fẹjọ́ mi sùn.

Kí lẹ wí, Ìyàwó Káfíńtà? Ẹ ní ká ní wọ́n fi túùbù yẹn sí i, ṣé ì bá yè?

N kò mọ̀. Ọ̀gá pàápàá kò mọ̀. Ohun tí a fẹ́ fi àpòòwé wọ̀nyẹn mọ̀ gan-an nìyẹn, èmi ni mo sì bà á jẹ́. Ìyẹn ni mo fi ń bẹ̀ yín. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Lọ́jọ́ tí ẹni yín bá wà lórí tábìlì, ẹ jáde kúrò nínú yàrá náà, kí ẹlòmíràn ya àpòòwé.